Èwo nínú àwọn ọ̀pá àbẹ́là idẹ méjèèjì yìí ni ti àtijọ́?

Ìbéèrè: Bàbá tó bí bàbá mi ṣiṣẹ́ ní ibùdókọ̀ ojú irin Ọ̀fà. Nígbà tí òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ń padà sí ìlú rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1950, ó fún bàbá ní ọ̀pá àbẹ́là idẹ méjì. Ẹnì kan tó máa ń ra ohun àtijọ́ wá bá mi láti Ìlọrin, ó ní wọ́n ti lé ní igba ọdún, ó sì fẹ́ ra méjèèjì. Àbúrò mi ọkùnrin ní irọ́ ni, pé Íńdíà ni wọ́n ti ń kó irú rẹ̀ wá, ó sì kún ọjà. Mo fi àwòrán wọn ránṣẹ́ sí yín, mo sì wọ̀n wọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ní kí n ṣe. Báwo ni mo ṣe lè mọ òótọ́ ọ̀rọ̀ kí n tó fún ọkùnrin yìí lésì?

Ìdáhùn: Ìyá mi, ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ ya àwòrán ìdí àwọn ọ̀pá náà pẹ̀lú, nítorí ìdí ni ọ̀rọ̀ wà. Mo ti wo àwọn àwòrán yìí ní àwòtúnwò, mo sì ti fi ìwọ̀n tí ẹ kọ wé ara wọn. Ọkùnrin tó fẹ́ rà wọ́n kò parọ́ tán, bẹ́ẹ̀ ni àbúrò yín kò ṣìnà tán. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀pá náà jẹ́ ti àtijọ́ gidi. Èkejì jẹ́ àdàkọ tí ẹnì kan dà lára ọ̀kan yẹn, kí ó lè ní méjì. N ó sọ bí mo ṣe dé orí ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹẹsẹ, kí ẹ lè gbé àwọn ọ̀pá náà síwájú kí ẹ sì máa fi ojú ara yín rí ohun tí mo ń wí.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé ìrísí ló rọrùn jù lọ láti ṣe àdàkọ rẹ̀. Ìdí onígun mẹ́rin tí wọ́n gé igun rẹ̀, igi tó ní kókó lórí kókó, ètè tó yọ síta lẹ́nu ihò àbẹ́là, gbogbo ìwọ̀nyí ni wọ́n lò láyé àwọn ọba tí wọ́n ń jẹ́ George ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 1714 títí di 1830. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń da idẹ ní Birmingham tún padà sí ìrísí kan náà yìí nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń lọ sópin, nítorí pé àwọn ènìyàn ń fẹ́ ohun tó jọ ti àtijọ́ nínú ilé wọn, wọn kò sì dáwọ́ dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá wí fún mi pé irú ọ̀pá báyìí ni wọ́n ń lò láyé ọba kan, n kì í bá a jiyàn. Mo kàn máa ń dojú ọ̀pá náà dé ni. Ní Ìlọrin níbí, ẹni tó mọ ìlẹ̀kẹ̀ lántánà, òkúta pupa tí àwọn baba wa fi ọwọ́ gbẹ́ tí wọ́n sì fi ọwọ́ dá lu, kì í fi dídán rẹ̀ ṣe ẹ̀rí; ihò rẹ̀ ló máa ń yẹ̀ wò, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ ọwọ́ kò ti lè fara pamọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ idẹ rí. Ẹ má ṣe béèrè ohun tí ọ̀pá náà jọ. Bí wọ́n ṣe ṣe é ni kí ẹ wá.

Ẹ wá jẹ́ kí a mú igi rẹ̀, èyí tó dúró láàárín ìdí àti ẹnu. Idẹ wọ́n gan-an nígbà náà, kò sì sí oníṣẹ́ tó fẹ́ fi í ṣòfò. Láti nǹkan bí òpin ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, àwọn oníṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í da igi ọ̀pá ní odidi mọ́. Wọ́n á dà á ní ìlàjì méjì tí inú wọn ṣófo, bí ìgbà tí a bá la akèrègbè sí méjì láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n á sì fi iná jó ìlàjì méjèèjì pọ̀. Báyìí ni wọ́n ń ṣe é títí di nǹkan bí ọdún 1780 sí 1790, kí ó tó di pé wọ́n ń fi ohun kan dí àárín mọ́ọ̀dù, ìyẹn ohun tí wọ́n ń da idẹ yíyọ́ sí kí ó lè gba ìrísí, tí igi náà sì ń jáde ní ọ̀kan ṣoṣo pẹ̀lú ihò nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pá ìgbà yẹn fi máa ń ní ìlà tín-ín-rín méjì tó kọjú síra wọn, tó gba ara igi náà wálẹ̀ láti abẹ́ ẹnu rẹ̀ títí dé ìdí, bí ìlà tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèpo ẹ̀wà.

Ẹ mú ọ̀pá àkọ́kọ́, èyí tí ẹ fi òwú funfun so. Ẹ gbé e súnmọ́ fèrèsé, ẹ mí èémí ẹnu yín sí i lára bí ẹni tó fẹ́ nu dígí ìwòjú, kí ẹ sì máa yí i díẹ̀díẹ̀ kí ìkùukùu náà tó gbẹ. Ìlà náà yóò hàn sí yín fún bí ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, nítorí pé ohun tí wọ́n fi jó o pọ̀ kì í ṣe idẹ kan náà pẹ̀lú ara igi, àwọ̀ rẹ̀ sì fi díẹ̀ mọ́ jù. Nínú àwòrán yín kẹrin, mo rí i kedere lábẹ́ kókó kejì. Bí ẹ bá tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò àbẹ́là, ó ṣeé ṣe kí ẹ tún rí ìparí rẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀pá kejì kò ní ìlà kankan, ìwọ̀n tí ẹ kọ sì ti sọ ìdí rẹ̀: àkọ́kọ́ jẹ́ gíráàmù 412, èkejì jẹ́ 588. Ohun méjì tó jọra báyìí, tí ọ̀kan sì fi gíráàmù 176 wúwo ju èkejì lọ, kò lè jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan náà. Inú igi ti àkọ́kọ́ ṣófo, ti èkejì sì jẹ́ odidi idẹ.

N kò fẹ́ kí ẹ mú ẹ̀rí ìlà yìí lò kọjá ààyè rẹ̀. Ọ̀pá tí kò ní ìlà lè jẹ́ ti àtijọ́, bí ó bá ṣáájú nǹkan bí ọdún 1670, nígbà tí wọ́n sábà máa ń da igi ní odidi, tàbí bí ó bá jẹ́ ti ìgbà tí wọ́n ti padà sí dídà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀pá ilẹ̀ Faransé náà ní àṣà tirẹ̀, nítorí pé wọ́n ti ń fi ìlọ́ bí ti bóòtù de igi mọ́ ìdí tipẹ́tipẹ́. Àwọn oníjìbìtì kan sì wà tó máa ń fi ohun mímú fa ìlà sára igi láti fi tan ènìyàn jẹ. Irú ìlà bẹ́ẹ̀ kì í wọnú kòtò tó wà láàárín kókó méjì. Orí kókó ló máa ń gbà, a sì máa fò kọjá ibi tí ọwọ́ kò dé. Ìlà gidi kì í fo ibì kankan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yín ti dùn mọ́ mi jù lọ ni kókó kẹta. Ẹ kọ ọ́ sí mi pé ó jọ pé àwọn méjèèjì ti jọ ṣubú rí, nítorí pé ojú ọgbẹ́ kan wà lára kókó kẹta ti àkọ́kọ́, irú rẹ̀ sì wà lára èkejì ní ibì kan náà. Ìyá mi, ohun méjì lè jọ ṣubú lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í gba ọgbẹ́ kan náà, tí gígùn rẹ̀ dọ́gba, tó dá síhà kan náà, lójú ibì kan náà. Mo fi àwòrán méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, mo sì sọ wọ́n di ńlá. Lára àkọ́kọ́, etí ọgbẹ́ náà mú, idẹ tí ohun líle tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan sì dìde díẹ̀ bí ìgbà tí èékánná bá há ọṣẹ. Lára èkejì, ọgbẹ́ náà wà, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ti kú, ó rọ̀ bí ẹni pé omi ti ń ṣàn lórí rẹ̀ fún ọdún pípẹ́, àwọn ihò wẹ́wẹ́ bí ojú yanrìn sì wà nínú rẹ̀. Kò sí ohun tó gbá ọ̀pá kejì. Wọ́n tẹ ọ̀pá àkọ́kọ́ sínú yanrìn láti fi ṣe mọ́ọ̀dù, yanrìn náà sì gba ohun gbogbo tó wà lára rẹ̀, títí kan ọgbẹ́.

Ìwọ̀n gíga wọn ló fìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀. Ẹ kọ mílímítà 198 fún àkọ́kọ́ àti 195 fún èkejì, ẹ sì bẹ̀ mí pé kí n má bínú bí ẹ bá ṣì í wọ̀n. Ẹ kò ṣì í wọ̀n rárá. Nígbà tí idẹ bá yọ́, ó máa ń gbilẹ̀. Nígbà tó bá tutù, a máa súnkì. Ìsúnkì idẹ nínú mọ́ọ̀dù sì máa ń jẹ́ nǹkan bí ọ̀kan ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó fi pákó gbẹ́ àwòkọ́ṣe tí wọ́n ń tẹ̀ sínú yanrìn mọ èyí, á sì fi díẹ̀ kún ìwọ̀n rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó lo ọ̀pá tó ti wà nílẹ̀ kò lè fi kún un, nítorí náà ọmọ gbọ́dọ̀ kéré ju ìyá rẹ̀ lọ. Ẹ mú ọ̀kan ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú mílímítà 198, 195 náà ni yóò kù. Ìdí rẹ̀ pẹ̀lú fi mílímítà kan ààbọ̀ kéré, gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ. Nígbà tí mo rí àwọn nọ́ńbà yìí ni mo ti mọ̀, kí n tó wo àwòrán ìdí wọn.

Àwọn tí ń da idẹ ní Ọ̀bọ Ayégúnlẹ̀, ní Èkìtì ti Kwara níbí, kò ní irú ìṣòro yìí nínú iṣẹ́ tiwọn. Ìda ni wọ́n fi ń mọ ère, wọ́n á fi amọ̀ bò ó, iná á yọ́ ìda náà jáde, idẹ á sì gba ipò rẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ fọ́ amọ̀ náà kí wọ́n tó rí iṣẹ́ wọn, nítorí náà mọ́ọ̀dù kan kì í bí ju ẹyọ kan lọ, ohun méjì láti ọwọ́ wọn kì í sì í dọ́gba tán. Mo ń mẹ́nu ba èyí nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wa ń rò pé ìjọra tó pé pérépéré ni ẹ̀rí pé ohun méjì jẹ́ ìbejì gidi. Bí iṣẹ́ bá jẹ́ ti ọwọ́, ìyàtọ̀ kékeré níhìn-ín àti lọ́hùn-ún ni ó yẹ kí ó fi ọkàn wa balẹ̀. Àwọn ọ̀pá àtijọ́ náà rí bẹ́ẹ̀: bí wọ́n tilẹ̀ lo mọ́ọ̀dù kan náà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń parí wọn, kókó kan á fi ìwọ̀nba irun fẹ̀ ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a dojú wọn dé wàyí. Lábẹ́ ọ̀pá àkọ́kọ́, ẹ ó rí i pé ìpẹ̀kun igi náà gba ihò kan jáde ní àárín ìdí, wọ́n sì fi òòlù lù ú títí ó fi tẹ́ bí orí ìṣó, tí kò fi lè padà mọ́. Lílù yẹn kò dọ́gba, ojú òòlù kọ̀ọ̀kan ṣì hàn. Ní àyíká rẹ̀, nínú kòtò abẹ́ ìdí, àwọn ìlà róboto wà tó yí ara wọn ká bí ìlà inú àwo amọ̀, nítorí pé wọ́n gbé e sórí ẹ̀rọ tí ń yí, wọ́n sì fi irin mímú há idẹ tó pọ̀ jù kúrò. Idẹ tí wọ́n bá há kúrò, wọ́n á tún un yọ́, nítorí náà kò sí ẹni tó ń fi abẹ́ ọ̀pá sílẹ̀ bó ṣe jáde láti inú yanrìn. Lábẹ́ ọ̀pá kejì, ìpẹ̀kun igi ní ìlọ́ bí ti bóòtù, nọ́ọ̀tì onígun mẹ́fà tí ẹ̀rọ gé sì dè é mú. Ojú abẹ́ rẹ̀ rí gbágungbàgun, wọ́n sì fi ọ̀dà dúdú kùn ún.

Ẹ ní aṣọ aláwọ̀ ewé kan wà lábẹ́ ọ̀pá kejì tẹ́lẹ̀, tí ẹ sì rọra ṣí i kí ẹ tó ya àwòrán. Ẹ káre. Irú aṣọ yẹn dára fún tábìlì, ṣùgbọ́n òun náà ni ìbòjú tí wọ́n fẹ́ràn jù. Ní ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ òwò yìí, mo ra ọ̀pá méjì lọ́wọ́ ẹnì kan ní Ìlọrin nítorí pé mo tijú láti ṣí aṣọ ìdí wọn lójú ẹni tó ń tà wọ́n. Nígbà tí mo ṣí i nílé, nọ́ọ̀tì méjì ni mo bá pàdé. Owó oṣù mẹ́ta ló bá a lọ. Láti ọjọ́ náà, n kì í na owó lórí ohun tí wọn kò bá jẹ́ kí n rí ìdí rẹ̀.

Ní ti bí wọ́n ṣe gbó, ọwọ́ àti tábìlì ni ó máa ń gbó ọ̀pá àbẹ́là. Nítorí náà, ibi tí ọwọ́ ti ń dì í mú, etí ìsàlẹ̀ tó ń fara kan tábìlì, àti ètè ẹnu rẹ̀ tí wọ́n ti ń fi ọ̀bẹ há ìda kúrò ni ó yẹ kí ó dán kí ó sì tín-ín-rín. Kòtò inú rẹ̀ kò yẹ kó gbó. Abẹ́ etí ìdí ti àkọ́kọ́ kún fún ìlà wẹ́wẹ́ tó lọ sí ọ̀nà gbogbo, bó ṣe yẹ kí ohun tí wọ́n ti fà káàkiri fún ọ̀pọ̀ ìran rí. Ti èkejì gbó ní dọ́gbadọ́gba níbi gbogbo, àti ibi tí ìka ènìyàn kò lè wọ̀. Ẹ̀rọ ìdán ló ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń bi mí nípa àwọ̀, wọ́n ní idẹ àtijọ́ pọ́n díẹ̀ ju ti ìsinsìnyí lọ. Òtítọ́ wà níbẹ̀. Idẹ jẹ́ àdàlù bàbà àti síǹkì, ṣùgbọ́n síǹkì máa ń di ooru ní ìwọ̀n 907 lórí òṣùwọ̀n Celsius, nígbà tí bàbà kì í yọ́ títí di nǹkan bí 1085. Nítorí èyí, àwọn ará Yúróòpù àtijọ́ kì í lo síǹkì fúnra rẹ̀. Òkúta tí síǹkì wà nínú rẹ̀ ni wọ́n ń lọ̀, wọ́n á kó o pẹ̀lú èédú àti bàbà sínú ìkòkò, ooru síǹkì á sì wọ inú bàbà. Ó ṣòro kí síǹkì tó gba ọ̀nà yìí wọlé tó ju nǹkan bí 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. William Champion ní Bristol ló gba àṣẹ lórí ọ̀nà láti yọ síǹkì lọ́tọ̀ ní ọdún 1738, James Emerson sì gba tirẹ̀ ní 1781 fún fífi síǹkì náà ṣe idẹ tààrà. Lẹ́yìn ìgbà náà ni wọ́n tó lè fi síǹkì kún un bó ṣe wù wọ́n, tí idẹ sì wá ń mọ́ bí òróǹbó. Síbẹ̀, n kì í fi àwọ̀ nìkan dájọ́, nítorí ẹni tó bá yọ́ ìkòkò àtijọ́ tó ti fọ́ lè fi idẹ àtijọ́ da ọ̀pá tuntun. Bí ẹ bá mọ oníwúrà kan ní Ìlọrin tó ní ẹ̀rọ tí ń yẹ wúrà wò láìfọwọ́ bà á jẹ́, ó lè ka iye síǹkì inú wọn fún yín. Bí iye náà bá ju ìdámẹ́ta lọ, kò lè jẹ́ ti ọ̀nà àtijọ́. Bí ó bá kéré, kò tíì fi nǹkan kan múlẹ̀.

Ní ti àmì, ẹ ti sọ pé kò sí ọ̀kankan, nítorí náà n ó yára kọjá níbẹ̀. Bí ẹ bá rí àmì onígun mẹ́rin tó dúró lórí igun kan, tí lẹ́tà Rd (ìkékúrú Registered, pé wọ́n ti fi ìrísí rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì) wà láàárín rẹ̀, lára idẹ mìíràn nínú ilé yín, ó wà láàárín 1842 sí 1883. Bí ó bá jẹ́ Rd pẹ̀lú nọ́ńbà, ó bẹ̀rẹ̀ láti 1884. Orúkọ England nìkan sábà máa ń jẹ́ ti lẹ́yìn 1890, nígbà tí òfin Amẹ́ríkà ní kí ọjà máa sọ ilẹ̀ tó ti wá. Àwọn tó ń ṣe àdàkọ fún Colonial Williamsburg, ìlú àtijọ́ tí wọ́n tún kọ́ fún ìrántí ní Amẹ́ríkà, máa ń tẹ CW sára tiwọn, òdodo sì ni wọ́n ṣe. Ẹlòmíràn ló máa ń fi fáìlì ha àmì náà kúrò, nítorí náà ibi tí wọ́n ti ha lábẹ́ ìdí yẹ kí ó fu yín lára.

Ẹ sọ fún àbúrò yín pé ohun tó wí nípa Íńdíà kì í ṣe àsọdùn. Ìlú Moradabad ní àríwá Íńdíà lókìkí fún idẹ, ọ̀pọ̀ ọ̀pá àbẹ́là tó wà lọ́jà lónìí sì ti ibẹ̀ wá. Àwọn tó burú jù kì í tilẹ̀ ṣe idẹ, irin tàbí àdàlù síǹkì tí wọ́n fi idẹ bò lójú ni. Òòfà á mú èyí tó jẹ́ irin. Fún èyí tí òòfà kò bá mú, ẹ gbé abọ́ omi lé òṣùwọ̀n ilé ìdáná, ẹ dá òṣùwọ̀n náà padà sí òdo, kí ẹ wá fi òwú so ọ̀pá náà rọ̀ sínú omi títí yóò fi rì, láìjẹ́ kí ó kan ìsàlẹ̀ abọ́. Iye tí òṣùwọ̀n bá kà, ẹ fi pín ìwọ̀n ọ̀pá náà. Idẹ máa ń fún ènìyàn ní nǹkan bí 8.5, àdàlù síǹkì ní nǹkan bí 6.7. Mo retí kí òṣùwọ̀n ka 69 fún ọ̀pá yín kejì, nítorí 588 tí a bá fi 69 pín á fún wa ní 8.5. Idẹ gidi ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe idẹ àtijọ́. Ẹ má ṣe dán èyí wò lára ti àkọ́kọ́, nítorí afẹ́fẹ́ tó há sínú igi rẹ̀ á da ìṣirò náà rú.

Bí mo bá fi ìrísí ọ̀pá àkọ́kọ́ kún ìlà ara rẹ̀ àti lílù ìdí rẹ̀, n ó fi í sí ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kejìdínlógún, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èkejì ti wà kí wọ́n tó fún bàbá ní nǹkan bí 1950. Òyìnbó tó fi wọ́n ta bàbá lọ́rẹ lè má mọ̀ rárá. Ọ̀pá méjì máa ń tà ju ìlọ́po méjì ẹyọ kan lọ, ẹni tó sì ní ẹyọ kan ṣoṣo kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń da idẹ. N kò rí ìdí kankan láti fura sí ẹni tó fi tọkàntọkàn fúnni lẹ́bùn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi Brasso fọ̀ wọ́n, ẹ má sì fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú bó wọn bí àwọn ìyá wa ti máa ń ṣe sí ìkòkò idẹ, pàápàá jù lọ lábẹ́ ìdí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀rí tí mo kà fún yín nínú lẹ́tà yìí wà. Aṣọ rírọ̀ gbígbẹ ti tó. Igi ti àkọ́kọ́ ń mì díẹ̀, ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà, iná rẹ̀ á yọ́ ohun tí wọ́n fi jó ìlàjì méjèèjì pọ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá a lu láti fi gbé gílóòbù iná mànàmáná sórí rẹ̀.

Nígbà tí ọkùnrin náà bá padà wá, ẹ gbé àwọn méjèèjì kalẹ̀ pẹ̀lú rúlà àti òṣùwọ̀n, ẹ dojú wọn dé níwájú rẹ̀, kí ẹ sì fi ìka hàn án ní nọ́ọ̀tì àti ọgbẹ́ méjèèjì. Kí ó dá owó ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ó bá ṣì wí pé ìbejì ni wọ́n, ẹ gbé wọn padà sínú àpótí, kí ẹ sì kọ̀wé sí mi.